Jibril inú ìwé ogun

Ẹ̀yin èèyàn mi lórí Fésíbúùkù yìí, tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé ogun tó dùn, èmi ni kẹ́ ẹ bi o!

Ogun ọdún 2030 ni wọ́n ń jà nínú èyí. Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, wọ́n wá kọjú ìbọn síra wọn.

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Zulaihat, ìyàwó ọmọ mi, ló ń tú u sí Yorùbá fún mi, tá a bá ti kírun Àsárì tán, nílé wa n'Íkòtún.

Ṣọ́jà kan wà níbẹ̀, Jibril. Bọ́ǹbù ò pa á, ebi ò pa á.

Màá ní, "Zulai, ṣé ó ṣì wà láàyè ṣá?"

Á ní, "Ó wà o, Bàbá."

Nígbà tí Zulai lọ kí ìyá ẹ̀ n'Ígándò, mo yá Tíṣà Yésúfù, ará ilé kejì, níwèé náà. Ó gbé e dé lónìí.

"Bàbá, ìwé gidi ni jàre! Àmọ́ kò sí Jibril kankan níbẹ̀ o. Àbí arúgbó ti dé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ìwé mi.

Jibril lorúkọ ọmọ mi. Ṣọ́jà ni. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí Maiduguri, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́.

"Bàbá Hamdalah" ni Zulaihat máa ń pè é. Ìyàwó wa ò pe orúkọ ọkọ ẹ̀ rí, àfi nínú ìwé yẹn.

A ti kírun Àsárì tán báyìí. Zulai ti dé, ó ti ṣí ìwé. Mi ò sọ ohun tí Tíṣà wí fún un.

"Zulai, Jibril ńkọ́ lónìí?"

"Ó wà o, Bàbá. Ó ti ń bọ̀ nílé."