Ta Ló Ń Tẹ Búréèkì?

Lọ́la la ó fi ọkọ̀ ògbólógbòó owó pọ́ọ́kú yìí sá eré ìje àárọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú búréèkì rẹ̀. Bí a ò bá lé afẹ́fẹ́ náà jáde, ikú ni.

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, mo ti dẹ nọ́ọ̀tì búréèkì kí epo lè ti afẹ́fẹ́ jáde. Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀: Fádèyí ẹnìkejì mi ti jókòó sídìí sítíárìn.

"Tẹ̀ ẹ́!" Ó tẹ̀ ẹ́, epo tú. "Fi sílẹ̀!" Ó fi sílẹ̀, kò dáhùn.

"Ṣé o yadi ni? Òkú ọ̀lẹ!"

Géètì dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, epo búréèkì ni mo lọ rà," ni Fádèyí wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ta lẹ ń bú?"

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ mi? Sọ̀ kalẹ̀, kí n fi sípánà fọ́ ẹ lẹ́nu!"

Lókè mi, ẹsẹ̀ kan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ó dì í mú, ó ń retí àṣẹ.