Òjìji Mi Kò Dọ̀bálẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ yan olórí ẹgbẹ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, mo jókòó ní pálọ̀ mi, mo ń mu ògì, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Òjìji mi ló ń bá mi ṣe é. Ẹ̀rọ ti kọ́ ọ ní ohùn mi àti ìwà mi, ó sì rán an sílé gbogbo àwọn alága yòókù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń wo àwọn òjìji náà nínú àwòrán lára ògiri. Wọ́n pọ̀ bí eéṣú, gbogbo wọn ti dojú bolẹ̀, wọ́n ń tọrọ ìbò.

Ti ilé Adérọ̀pò nìkan ló dúró gbọnin. Adérọ̀pò yìí ló pè mí ní “Ìwé Mẹ́ta” níwájú àwọn àna mi, níjọ́ tí a ṣí afárá.

Moróunkẹ́jì, akọ̀wé mi, figbe ta. “Bàbá, ẹ bá a wí! Ìbò kan péré ló kù ká wọlé!”

Mo ní, “Dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi.”

Òjìji ní, “Kó kọ́kọ́ bẹ̀ mí ná.”

Adérọ̀pò bú sẹ́rìn-ín. “Alága, ṣé òjìji yín náà ò parí ilé ìwé ni?”

Òjìji dá a lóhùn. “Ìwé mẹ́ta tí mo kà tó mi í fi mọ òmùgọ̀.”

“Ẹ yáa fẹsẹ̀ yín lọ bẹ̀ ẹ́, Bàbá!”

“Èmi kẹ̀?”

Ìbò kan náà ni wọ́n fi là mí mọ́lẹ̀. Moróunkẹ́jì ní ká dá òjìji padà, kí wọ́n tún un ṣe. Mo kọ̀ jálẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, kò sí èyí tó jọ mí tó bẹ́ẹ̀.