Ohùn Tí Ìyàwó Mi Yàn

Lọ́dún yìí, èdè Mohawk, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ni ìjọba pín fún ilé wa láti kọ́. Èmi àti Abọ́sẹ̀dé ìyàwó mi jọ lọ yan ohun tí a ó fi kọ́ ọ. Ìwé ni mo mú. Òun ní ohùn lòun fẹ́: ohùn bàbá Mohawk kan tó ti kú, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ létí láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ìwé kì í pani lẹ́rìn-ín, Bàbá Ìrètí," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òkú ọkùnrin yẹn ti ń pa ìyàwó mi lẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Bí mo bá wọlé, á dákẹ́, á wò mí lójú, á ní, "Shé:kon." Màá pòṣé, màá sì jáde. Ṣé èdè àlè ló fẹ́ máa fi kí mi ni?

Lánàá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo padà lọ bá obìnrin tó ń pín ohun ìkẹ́kọ̀ọ́, mo ní kó fún mi ní ohùn yẹn gan-an, kí n gbọ́ ohun tó ń sọ fún ìyàwó oníyàwó.

Mo fi í sétí. Bàbá náà wúkọ́, ẹ̀rọ sì ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá:

"Ẹ̀kọ́ kìíní. Shé:kon ni à ń kí ènìyàn. Má kí èmi o, mo ti kú. Lọ kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Bó bá dá ọ lóhùn, a ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ kejì. Bí kò bá dáhùn, padà wá, n ó máa dá ọ lára yá."

Mo bi obìnrin náà pé, "Ẹ̀kọ́ kelòó ni ìyàwó mi wà?"

Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ̀kọ́ kìíní náà ni wọ́n ṣì wà, sà."