Kí Ooru Má Pa Ohùn Tíṣà

Kọ́láwọlé ti pòṣé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ẹnjiníà, tí òun náà sì gbà pé orúkọ yẹn kéré sí òun. Opó kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́ ló pè é wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú yìí, torí kọ̀ǹpútà olóògbé ọkọ rẹ̀ tó ń ké. Kọ̀ǹpútà náà rèé lórí tábìlì. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti rà á, náílọ̀n rẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀, aṣọ léèsì funfun sì tún bò ó mọ́lẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ wọṣọ fún kọ̀ǹpútà?"

"Tíṣà ọkọ mi ló bò ó, ọmọ mi. Ohun tó bá níyì, ṣebí à ń bò ó ni?"

Ara Ọ̀yọ́! Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín ìyẹ̀yẹ́. Rìmóòtù ìyá tirẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ṣì wà nínú náílọ̀n dòní, ṣùgbọ́n ìyẹn ò wá sí i lọ́kàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?"

"Ilé mi ni," ni Àṣàkẹ́ wí.

Ó wá ṣàlàyé. Kí Tíṣà Adéṣínà tó kú, ó sọ fún àwọn àgbà agbo ilé pé òun ti fi ẹnu ara òun sọ ẹni tí òun fi ilé yìí fún, pé ohùn náà wà nínú kọ̀ǹpútà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí di ogójì ọjọ́ òun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ogójì pé. Àṣàkẹ́ ò bímọ fún Tíṣà. Sàídù, àbúrò Tíṣà, sì ti ń fi ojú wọn yàrá kiri látọjọ́ tí wọ́n ti sin òkú. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé ohùn yẹn nìkan ló lè gba obìnrin náà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn báyìí."

"Ó ti o! Sàídù á ní a ti yí ọ̀rọ̀ òkú padà."

Kọ́láwọlé tún pòṣé. Ó ní òun á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ya náílọ̀n, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó gbọn eruku tó ti di fáànù pa. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí háàdì-dísìkì, àpótí irin pẹlẹbẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ sí.

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ rí i bó ṣe gbóná? Ooru ti fẹ́ẹ̀ pa á tán. Atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má bò ó mọ́."

"Ooru àti eruku, èwo ló burú jù?"

"Ooru! Eruku á fi ọdún pa á, ooru á fi ọjọ́ mẹ́ta."

"Tó bá wà ní títàn nínú ooru ńkọ́?"

"Á yan bí ẹ̀pà."

"Ṣé wọn ò ní lè tún un ṣe l'Ékòó?"

"Kódà lókè òkun, Màmá! Ó kú nìyẹn."

Obìnrin náà mi orí. Ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Ẹ̀rù ló bà á, ni Kọ́láwọlé rò, ó sì wo aago rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó dé, táì ló so mọ́rùn. Àwọn àgbà ti jókòó sí pálọ̀. Kọ̀ǹpútà ò sí lórí tábìlì. Ilé ìdáná ló ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, aṣọ ìró mẹ́ta ló wé mọ́ ọn lára, iná sólà ò sì kúrò lára rẹ̀ láti Ọjọ́rú.

"Yéè! Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ìwọ lo ní eruku ń pa á. Mo ní kí n fi í pamọ́ fún eruku."

Ó tan án, kò tàn. Ó yọ háàdì-dísìkì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ké kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Sàídù búsẹ́rìn-ín. Baálé agbo ilé dá a lẹ́kun, ó kọjú sí Kọ́láwọlé.

"Ẹnjiníà, ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́?"

"Ta ni? Màmá yìí?" Inú ń bí Kọ́láwọlé, ẹ̀rín sì tún ń pa á. "Bàbá, ẹni bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ á kọ́kọ́ lọ́gbọ́n. Mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn, ó gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Àìmọ̀kan ni, mo ṣe tán láti búra."

Àwọn àgbà forí korí. Baálé ní ohùn ti lọ, ṣùgbọ́n opó ò lè pàdánù ọkọ kó tún pàdánù òrùlé nítorí pé kò kàwé. Ibi tí Àṣàkẹ́ wà ni kó máa wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Sàídù gbọn agbádá, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Àṣàkẹ́ fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Òun ló sin Kọ́láwọlé dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ò lè ṣàì sọ tẹnu rẹ̀.

"Màmá, ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni, ẹ̀ bá ti gbọ́ ohùn Tíṣà lónìí."

"Mo ti gbọ́ ọ tipẹ́, ọmọ mi," ni Àṣàkẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́: ó ní Sàídù lòun fi ilé fún, kí n kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi."