Agogo Tí Ọláyíwọlá Ṣèlérí fún Ìjọ

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má fò ó o. Ẹ jókòó kí ẹ kà á dé òpin, nítorí irú ẹnu tó pa ọmọkùnrin yìí wà lára gbogbo wa.

1. Ọdún 1998 ni. Ọláyíwọlá, ọmọ Ìgèdè-Èkìtì, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kan létí òkun ní Ìlú Ọba. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tí wọ́n á wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wo ọkọ̀ kan tó ti rì láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ẹ wò ó, kí ẹ má mú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó rí agogo idẹ kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

2. Rímù ọkọ̀ àlòkù ni ìjọ wọn nílé ń lù pe èèyàn sí ìsìn. Ó máa ń ti Ọláyíwọlá lójú. Ìyá rẹ̀, Kíkẹ́lọmọ, wọkọ̀ lọ sí Adó lọ gba fóònù rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ níbi ìkórè pé mò ń gbé agogo bọ̀. Kí wọ́n ju rímù yẹn nù!"

"Ṣé ó ti wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi?"

"Ẹ ṣáà sọ fún wọn."

Ìyá sọ ọ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n jó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tí wọ́n máa gbé agogo náà kọ́ sí. Nígbà tí Ọláyíwọlá tún pè, ìyá ní, "Ulé agogo ti parí o. Wọ́n ń bi mí."

3. Ọláyíwọlá àti Adékúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Ìjàn, ni wọ́n jọ wọ omi padà lọ síbi ọkọ̀ tó rì yẹn. Òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Ọláyíwọlá di agogo mú, ó ń fà á, kò mì. Adékúnlé na aago tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù sí i lójú, ó fọwọ́ júwe pé kí wọ́n máa lọ. Ọláyíwọlá mirí. Adékúnlé fà á lápá, ó já ara rẹ̀ gbà. Háà! Nítorí agogo! Nígbà tí afẹ́fẹ́ Adékúnlé náà fẹ́ tán, ó gòkè lọ pe èèyàn. Kí wọ́n tó padà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọwọ́ Ọláyíwọlá ṣì wà lára agogo.

4. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé Ìgèdè. Ilé agogo ṣófo. Rímù tó ní kí wọ́n jù nù ni wọ́n lù pe èèyàn sí ìsìnkú rẹ̀.

Ìyá fọwọ́ di etí méjèèjì. "Mo bi í bóyá ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ní kí n ṣáà sọ fún wọn!"

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèlérí ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ lọ tọrọ àforíjì. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pa èèyàn. Àìmẹ́nu, àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.