Fóònù Kú Lẹ́nu Ọ̀nà Àna

Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣojú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí igi máńgòrò àgbàlá àwọn àna Akínlàjà ni mo wà!

Láàárọ̀ Sátidé, fóònù Akínlàjà gbọ̀n lápò ẹ̀, ó ní: "Baba Mopélọ́lá ti jẹun yó, inú wọn sì dùn. Lọ tọrọ ọmọ wọn báyìí!" Akínlàjà bá fò sínú ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà, fóònù ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀. Bó ṣe wọ àgbàlá àna ẹ̀ l'Ókèhò báyìí, bátìrì tán, fóònù kú fin-ín.

Wàhálà dé. Láti kékeré, fóònù ló ń sọ ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún. Ogójì èèyàn ló sì wà níbẹ̀, gbogbo wọn tẹjú mọ́ fóònù tiwọn. Èwo ni baba ìyàwó? Bó bá fo baba náà láìkí i pẹ́nrẹ́n, ó ti pàdánù Mopélọ́lá nìyẹn.

Ló bá kúkú ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ohun tó ń mí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó na gbalaja síwájú òbúkọ: "Ẹ kúulé, sà!"

Mopélọ́lá sáré jáde. "Akínlàjà, òbúkọ mà nìyẹn!"

"Ṣé kì í ṣe ara ilé yín ni?"

Baba kan tó ń jẹ àgbàdo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún òbúkọ mi, ṣé ó lè rí èmi fín? Mopélọ́lá, mú ọkọ ẹ wọlé."

Àtọjọ́ náà ni òbúkọ yẹn ti gbéraga, kì í jẹ èèpo iṣu mọ́, àfi iṣu gan-an. Ẹ yáa gbà mí gbọ́, kí n má baà fà á wá sílé yín, kí ẹ̀yin náà wá dọ̀bálẹ̀!