Bàbá Kò Mọ Iṣu Mọ́

Ó ti rẹ Memunat.

Oṣù kẹta rèé tó ti ń bá sọ́fítíwíà wọ̀yá ìjà ní Ìkàrẹ́, kó lè ṣe géèmù orí fóònù tí àwọn ọmọdé yóò fi eré kọ́ èdè Àrìgìdì.

Lónìí ó gun ọ̀kadà lọ sí Àrìgìdì, kí bàbá rẹ̀, Àáfà Suleiman, bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Fóònù dárúkọ iṣu ní èdè wọn. Bàbá tẹ àwòrán ewúrẹ́.

"Rárá o," ni ohùn inú fóònù wí. "Fara balẹ̀, tún un gbọ́."

Ilé yìí ni Memunat ti gba ohùn yẹn sílẹ̀, ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ títí tí kò fi wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Bàbá tún tẹ ewúrẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Memunat wo ojú bàbá rẹ̀. Àbí wọ́n ti ń ṣarán ni?

"Bàbá, ẹ ò mọ iṣu mọ́ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Bàbá tẹ iṣu. Aago dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"O rí i? Tí mo bá tẹ èyí tó tọ́, aago lásán ló ń dún."

Ó padà sórí ewúrẹ́.

"Rárá o. Fara balẹ̀, tún un gbọ́."

"Mo ń gbọ́, Ìyá Memunat," ni Bàbá dáhùn.

Àná ni wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ikú ìyá.